Ta Ní Ń Tukọ̀? Ìrìn-àjò Ojú Òkun gẹ́gẹ́ bí Àfiwé fún Ikú nínú Ewì

Ohun tí ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí ni awuyewuye kan tí ó ṣẹlẹ̀ níbi ìjókòó àwọn olùyẹ̀wò ìwé ìdánwò ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ewì kúkúrú lórí ikú ẹni tí wọ́n fẹ́ràn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ewì nípa bàbá rẹ̀. Kò pe bàbá náà ní erin tí ó wó, kò pè é ní àràbà, kò sì sọ pé ó re ìwàlẹ̀ àsà. Ohun tí ó kọ ni pé:

Ọkọ̀ fọn fèrè, Bàbá kò wẹ̀yìn mọ́,
Àwa tí a kù létí omi ni a ń juwọ́.

Ọ̀kan nínú wa gé máàkì rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé èrò òyìnbó ni, pé Yorùbá kì í wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ọ̀run. Ẹlòmíràn fún un ní máàkì kíkún, nítorí pé àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ wà níbẹ̀, ìlànà ìfúnnimáàkì sì sọ pé kí á fún ẹni tí ó bá lo àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ní máàkì. A fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìyanjú nítorí pé ilẹ̀ ti ń ṣú, ìwé sì pọ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Lójú tiwa, àwọn méjèèjì ni ó ṣì í. Ẹni àkọ́kọ́ wo ibi tí àfiwé náà ti wá, kò wo ohun tí ó ń ṣe nínú ewì. Ẹnì kejì rí àfiwé, ó dá a mọ̀, ó sì fi mọ síbẹ̀ bí ẹni ń ka ẹyìn lórí igi.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ nìyí: ìrìn-àjò ojú òkun gẹ́gẹ́ bí àfiwé fún ikú kì í ṣe àfiwé kan ṣoṣo. Akéwì méjì lè fi ọkọ̀ kan náà gbé òkú wọn, kí ohun tí wọ́n ń sọ nípa ikú sì jìnnà sí ara wọn bí ọ̀run ti jìnnà sí ayé. Ìbéèrè méjì ni ó máa ń fi ìyàtọ̀ náà hàn. Èkíní, ta ní ń tukọ̀? Èkejì, níbo ni akéwì dúró sí: nínú ọkọ̀ ni, àbí ní etí omi? Olùkọ́ tí kò bá bi ewì ní ìbéèrè méjèèjì yìí kò tí ì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní àfiwé. Orúkọ àfiwé ni ó kọ́ ọ.

Ọkọ̀ tí ènìyàn kò tù

Kí ọkọ̀ tó di àfiwé nínú ewì, ohun tí a fọwọ́ gbẹ́ tí a sì rì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú òkú ni. Ní ọdún 1954, wọ́n rí ọkọ̀ igi kan nínú kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ńlá ọba Khufu ní ilẹ̀ Íjíbítì. Wọ́n ti tú u sí ègé tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kí wọ́n tó kó o síbẹ̀; nígbà tí wọ́n tò ó pọ̀, gígùn rẹ̀ tó mítà 43. Ní ọdún 1939, wọ́n wú ibojì kan ní Sutton Hoo ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì bá ojú ipa ọkọ̀ tí ó tó mítà 27 nínú ilẹ̀, pẹ̀lú ìṣúra ọba tí ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún keje. Ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí a ń pè ní Beowulf sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀: wọ́n tẹ́ ọba Scyld sí inú ọkọ̀, wọ́n kó ohun ìjà àti wúrà yí i ká, wọ́n sì tì í sí ojú òkun. Kò sí atukọ̀ nínú rẹ̀. Akéwì náà jẹ́wọ́ pé kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó gba ẹrù náà ní òdìkejì, ìbáà ṣe ìjòyè tàbí akọni. A fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé òtítọ́ tí ó wà níbẹ̀ le ju ti ọ̀pọ̀ ewì tí ó tẹ̀lé e lọ. Ọkọ̀ ń lọ, ẹnìkan kò sì tù ú.

A kò ní fi àkókò ṣòfò lórí Charon, atukọ̀ àwọn ará Gíríìkì tí ń gba owó lọ́wọ́ òkú. Odò ni ó ń dá wọn kọjá, kì í ṣe òkun. Ènìyàn sì lè dúró ní etí odò kí ó rí òdìkejì. Òkun kò ní òdìkejì tí ojú lè rí. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ pò wọ́n pọ̀.

Tennyson àti òkìtì yanrìn

Ewì tí ó yẹ kí á dúró lé lórí ni "Crossing the Bar" tí Alfred Tennyson kọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó kà á ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọ̀pọ̀ sì ni ó há a sórí láìmọ ohun tí "Bar" inú rẹ̀ jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti bi wá rí bóyá ilé ọtí ni akéwì náà ń kọjá. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tiwa ni. A kò ṣàlàyé fún un.

Òkìtì yanrìn ni. Níbi tí odò tàbí ọ̀sà bá ti ń wọ inú òkun, omi a máa kó yanrìn jọ sí abẹ́ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi di ògiri tí ojú kò rí. Nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn, omi kì í jìn lórí rẹ̀. Ìgbì a máa fọ́ níbẹ̀, a sì máa kérora. Nígbà tí òkun bá kún, omi á bo òkìtì náà mọ́lẹ̀, ariwo á dákẹ́, ọkọ̀ á sì kọjá láìfi ìdí kanlẹ̀. Ẹni tí ó bá dàgbà sí Èkó kò ṣàì ní ogún nínú ọ̀rọ̀ yìí. Irú òkìtì yanrìn bẹ́ẹ̀ ni ó wà ní ẹnu ọ̀sà Èkó, tí ó mú kí àwọn ọkọ̀ ńlá máa dúró sí òde lójú òkun kí ọkọ̀ kéékèèké tó lọ já èrò àti ẹrù wọn. Ẹ̀mí ṣòfò níbẹ̀. Ìgbà tí ìjọba mọ ògiri òkúta wọ inú òkun, iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1908, ni ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là fún ọkọ̀ ńlá, ní nǹkan bí ọdún 1914. Orúkọ òkìtì náà ni ó wà lára etíkun tí a mọ̀ sí Bar Beach kí wọ́n tó kó yanrìn dí ibẹ̀ láti fi kọ́ ìlú tuntun. Nítorí náà, kì í ṣe inú ìwé atúmọ̀-èdè nìkan ni olùkọ́ Yorùbá ti lè rí ìtumọ̀ àkọlé ewì yìí.

Oṣù kẹwàá ọdún 1889 ni Tennyson kọ ọ́. Ó ti pé ẹni 80 ọdún, àìsàn líle kan sì ti gbé e dè kí ó tó dìde. Ó ń ti ilé rẹ̀ kan ní Aldworth lọ sí èkejì ní Farringford, tí ó wà ní erékùṣù Wight, omi tí a ń pè ní Solent ni ó sì ní láti dá kọjá. Ewì ìlà 16 náà wá sí i lọ́kàn lójijì. Ó pàṣẹ fún ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n máa fi ewì yìí parí gbogbo àkójọ ewì òun. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1892, wọ́n kọ ọ́ lórin níbi ìsìnkú rẹ̀ ní Westminster Abbey.

Ẹni tí ó bá ka ewì yìí nìkan lè rò pé ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Tennyson ní ọjọ́ ogbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1833, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, Arthur Hallam, kú ní ìlú Vienna nígbà tí kò ju ẹni ọdún 22 lọ. Ọkọ̀ òkun ni ó gbé òkú rẹ̀ láti Trieste wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì sin ín ní Clevedon ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1834. Nínú In Memoriam, tí ó jáde ní 1850, akéwì náà bá ọkọ̀ yẹn sọ̀rọ̀ ní ọ̀kan-kò-jọ̀kan: ó bẹ̀ ẹ́ kí ó rọra, ó bẹ afẹ́fẹ́ kí ó fẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ kíyè sí i pé kò sí àfiwé níhìn-ín rárá. Ọkọ̀ gidi ni, òkú gidi ni ó gbé, etí omi ni akéwì sì dúró sí tí ó ń retí. Nínú ewì tí ó kọ nípa ikú ọba Arthur, àwọn ayaba ni ó gbé ọba tí ó fara gbọgbẹ́ sí inú ọkọ̀ lọ. Etí omi náà ni ẹni tí ń sọ ìtàn dúró sí. Lẹ́yìn ọdún 56 tí òkú Hallam wọ ọkọ̀ ni akéwì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní etí omi, tí ó bọ́ sí inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Èrò tiwa ni pé ibẹ̀ ni agbára ewì kékeré yìí ti wá. Ẹni tí ó ti dúró pẹ́ ní èbúté ni ó ń wọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe nínú rẹ̀. Akéwì sọ pé òun kò fẹ́ kí òkìtì yanrìn kérora nígbà tí òun bá ń wọ òkun lọ. Pọ́nna ni ọ̀rọ̀ náà. Ó ń tọrọ ìkún omi tí yóò jẹ́ kí ọkọ̀ òun kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó tún ń sọ fún ẹbí pé kí wọ́n má sunkún. Ohun tí ó mú kí pọ́nna yìí dára ni pé ìtumọ̀ kìíní kò gbára lé èkejì. Bí a bá yọ ikú kúrò, ohun tí awakọ̀ ojú omi ń fẹ́ gan-an ni ó ṣì jẹ́. Ọ̀pọ̀ àfiwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ ni kò ní ẹsẹ̀ kìíní yìí. Bí a bá yọ ikú, kò sí ohun tí ó kù.

Ewì náà pín sí méjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, oòrùn ń wọ̀, ìràwọ̀ ìrọ̀lẹ́ ti yọ, ẹnìkan sì ń pe akéwì. Nígbà tí a bá fi máa dé ìlàjì, ilẹ̀ ti ń ṣú, agogo ìrọ̀lẹ́ ń dún, òkùnkùn sì ni ó kàn. Akéwì kò sọ fún wa pé àkókò ti lọ. Ó kàn tún gbólóhùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ó ti bẹ̀rẹ̀ ti ìṣáájú ni, a sì rí i pé ilẹ̀ ti yí padà. Àwọn ìlà náà kò gùn dọ́gba. Ọ̀kan á gùn, òmíràn á ké kúrú, bí omi tí ń kún tí ó sì ń fà. A kì í lè fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́ láìka ewì náà sókè fún un, nítorí náà kí olùkọ́ má ṣe fi í sílẹ̀ fún ojú nìkan.

Ìbéèrè ta ní ń tukọ̀ ni ó wá mú wàhálà wá. Ní ìparí, akéwì sọ ìrètí rẹ̀ pé òun yóò rí Afinimọ̀nà òun lójúkojú nígbà tí òun bá ti kọjá òkìtì yanrìn. Kì í ṣe ọ̀gákọ̀ ni ó ń sọ. Afinimọ̀nà ni ẹni tí ó mọ ẹnu èbúté kan dáadáa, tí ó máa ń wọ inú ọkọ̀ láti mú un kọjá ibi tí ó léwu. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí gbalasa òkun, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Yóò sọ̀ kalẹ̀ sí inú ọkọ̀ kékeré, yóò sì padà sílé. Nítorí náà, ìgbà tí Tennyson ń retí láti rí i ni ìgbà náà gan-an tí ó yẹ kí ó ti lọ. Àwọn lámèyítọ́ ti tọ́ka sí èyí tipẹ́. Tennyson dáhùn pé Afinimọ̀nà náà ti wà nínú ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, òkùnkùn ni kò jẹ́ kí òun rí i. Ìdáhùn náà dùn mọ́ onígbàgbọ́ létí, ṣùgbọ́n a kò gbà pé ó tún àfiwé náà ṣe. Àwòrán ojú omi sọ ohun kan, ìgbàgbọ́ akéwì sọ òmíràn, ìgbàgbọ́ sì borí. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, a kò ní gé máàkì Tennyson. Ó wù ú kí ẹnìkan máa tukọ̀ fún un, ìfẹ́ yẹn sì lágbára ju ìmọ̀ rẹ̀ nípa ọkọ̀ lọ; a lè rí ẹni tí ń bẹ̀rù nínú àléébù náà ju bí a ti lè rí i nínú àwọn ìlà tí kò ní àléébù lọ.

Ọ̀gákọ̀ mìíràn

Charles Baudelaire, akéwì ilẹ̀ Faransé, kọ "Le Voyage" ní ọdún 1859, ó sì fi parí ìwé rẹ̀ Les Fleurs du mal nígbà tí ó tún un tẹ̀ ní 1861. Bí Tennyson, ó fi ọkọ̀ sí ìparí. Ibẹ̀ ni ìjọra wọn pin. Àwọn arìnrìn-àjò inú ewì rẹ̀ ti yí gbogbo ayé ká, ohun kan náà tí ó sú wọn nílé ni wọ́n sì bá níbi gbogbo. Nígbà tí kò sí ibi tí ó kù, wọ́n ké sí Ikú fúnra rẹ̀ pé kí ó wá fa ìdákọ̀ró sókè, nítorí pé òun ni ọ̀gákọ̀ àgbà. Ibi tí ó ń gbé wọn lọ kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn, ìbáà jẹ́ ọ̀run rere tàbí ọ̀run àpáàdì, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ tuntun. Lọ́dọ̀ Tennyson, Ọlọ́run ni ó ń tukọ̀. Níhìn-ín, Ikú ni. Ẹni tí ó bá kọ lórí ìwé ìdánwò pé "àwọn méjèèjì fi ọkọ̀ ṣe àfiwé ikú" kò purọ́, kò sì sọ nǹkan kan.

D. H. Lawrence ni ó dá ọ̀rọ̀ náà padà sí ibi tí Beowulf fi í sí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1927 ó lọ wo àwọn ibojì àwọn ará Etruria ní ilẹ̀ Ítálì, ó sì kọ̀wé nípa ọkọ̀ idẹ kékeré tí wọ́n máa ń kó pẹ̀lú òkú. Nígbà tí ikọ́ ife ń pa á lọ ní ọdún 1929, ó kọ "The Ship of Death". Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 1930, ewì náà jáde nínú Last Poems ní 1932. Èso tí ń já bọ́ nígbà ìwọ́wé ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí oníkálukú kan ọkọ̀ tirẹ̀, kí ó kó oúnjẹ sí i, ìkòkò ìdáná àti aṣọ ìpààrọ̀, nítorí pé ìkún omi ń bọ̀. Ọkọ̀ náà yóò lọ nínú òkùnkùn, láìsí èbúté níwájú, láìsí ẹni tí ó lè darí rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí ohun gbogbo ti pòórá ni ìmọ́lẹ̀ pupa díẹ̀ yọ bí ìdájí. A fẹ́ràn ìkòkò ìdáná yẹn púpọ̀. Òun ni ó mú kí á gba ewì náà gbọ́, nítorí pé ẹni tí ó ti di ẹrù ìrìn-àjò rí mọ̀ ọ́n.

Kí olùyẹ̀wò tún ṣọ́ra: kì í ṣe gbogbo ibi tí ọkọ̀ àti òkú bá ti pàdé ni àfiwé yìí wà. Walt Whitman kọ "O Captain! My Captain!" ní ọdún 1865 lẹ́yìn tí wọ́n pa Ààrẹ Lincoln ti Amẹ́ríkà. Òkú wà níbẹ̀, ọkọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú ni ọkọ̀ náà dúró fún, ogun sì ni ìrìn-àjò rẹ̀. Ó ti ń súnmọ́ èbúté nígbà tí a rí òkú ọ̀gákọ̀ lórí rẹ̀. A ti rí ìwé tí ó to ewì yìí mọ́ àwọn tí a ti ń sọ bọ̀. Àṣìṣe gbáà ni.

Ẹsẹ̀ ni Yorùbá fi ń rìn ín

Ṣé òótọ́ wá ni pé Yorùbá kì í wọ ọkọ̀ lọ sí ọ̀run? Bí a bá wo ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ikú, ilẹ̀ àti ilé ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọba a máa wàjà. Àgbà a máa re ìwàlẹ̀ àsà tàbí kí ó papòdà. Ẹni ńlá a máa wó bí igi tàbí bí erin. Òwe wa sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ẹni tí ó ń ti ọjà bọ̀ wá sílé kò wá afinimọ̀nà, nítorí pé kò sí ẹni tí kì í mọ ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Oníbodè lè wà lójú ọ̀nà, òkè àti odò lè wà níbẹ̀, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn ín. Ó sì jẹ́ ọ̀nà tí ó ṣeé padà gbà: ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọmọ ní Babátúndé, Yétúndé àti Ìyábọ̀. Lawrence ní kí oníkálukú kan ọkọ̀ tirẹ̀. Àwa ní ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Iṣẹ́ tí ó gbé lé ẹni tí ń kú lọ́wọ́, ẹni tí ó kù ni àwa gbé e lé lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí Tennyson àti òwe ọjà yìí ti súnmọ́ ara wọn ju bí a ti rò lọ. Ní ẹsẹ̀ kejì ewì rẹ̀, ó ní omi tí ó ti inú ibú tí kò lópin jáde wá ni ó ń padà sílé. Ọkọ̀ náà kò lọ sí àjò rárá. Ilé ni ó ń lọ. A máa ń rò pé òkun ni ó ya ewì náà sọ́tọ̀ kúrò lára èrò Yorùbá. Kì í ṣe òkun. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé ẹni tí ń kú ni ó ń sọ̀rọ̀, tí ó sì ń sọ pé kí á má sunkún. Nínú lítíréṣọ̀ alohùn wa, níbi òkú, ẹni tí ó kù ni ó sábà máa ń sọ̀rọ̀. Òun ni ó ń ki òkú, tí ó ń bi í léèrè ìdí tí ó fi lọ, tí ó sì ń rán an níṣẹ́. Ẹkún sì jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Etí omi ni Yorùbá máa ń dúró sí.

Kì í sì ṣe pé Yorùbá kò mọ ọkọ̀ òkun. Àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì ti sọ èbúté àti Jọ́dánì di ọ̀rọ̀ ilé fún ọ̀pọ̀ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé odò ni Jọ́dánì. Kí orin ìsìn tó dé ni ọkọ̀ ti ń kó ènìyàn lọ láti Èkó àti Àgbádárìgì. Ọ̀pọ̀ jùlọ kò padà mọ́. Wọ́n mú Àjàyí Crowther ní Òṣogùn ní ọdún 1821, wọ́n fi í sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí ní Èkó ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì di ará Freetown. Ọdún 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ìyá tí ó ti kà á mọ́ òkú, ọmọ tí ó ti òkun bọ̀. Àwọn Sàró àti Àgùdà tí wọ́n padà wá sí Èkó mọ̀ pé ọkọ̀ tí ó gbé ni lọ lè gbé ni bọ̀, ṣùgbọ́n pé èyí tí ó gbé lọ pọ̀ jù. Nítorí náà, bí ọmọ Yorùbá bá fi ọkọ̀ òkun ṣe ikú, kò di dandan kí ó jẹ́ pé ìwé òyìnbó ni ó ti jí i. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ojú àwọn baba ńlá rẹ̀ rí ni ó ń sọ, ìbáà jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí ewì akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ìlà méjì péré ni a ní lọ́wọ́. Ta ní ń tukọ̀? Kò sọ. Ohun kan ṣoṣo tí a gbọ́ láti inú ọkọ̀ náà ni fèrè, fèrè sì ni àṣẹ ẹlòmíràn: nígbà tí ó bá dún, ìdágbére parí, ìbáà wu èrò tàbí kò wù ú. Kò sí afinimọ̀nà tí ó tù ú nínú bí ti Tennyson, Ikú kò sì dúró bí ọ̀gákọ̀ níwájú. "Kò wẹ̀yìn mọ́" ni ó dùn wá jù. Ọ̀rọ̀ "mọ́" yẹn fi hàn pé bàbá náà ti wẹ̀yìn rí, bóyá lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ọ̀rọ̀ oníṣílébù kan sọ gbogbo àìsàn bàbá rẹ̀ fún wa. Ní ti ìbéèrè kejì, etí omi ni akéwì wà, pẹ̀lú "àwa", kì í ṣe òun nìkan. Wọ́n ń juwọ́ sí ẹni tí kò wo wọ́n. Ibi tí Yorùbá máa ń dúró sí ni ó dúró sí. Ọkọ̀ lè jẹ́ àlejò. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe àlejò.

Bí wọ́n bá tún gbé ìwé náà fún wa, a óò dá máàkì tí ẹni àkọ́kọ́ gé padà. A kò sì ní fún un ní máàkì nítorí pé ó lo àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, torí pé ẹni tí ó kọ "bàbá mi ti wọkọ̀ ikú lọ" náà ti lò ó. Ọ̀rọ̀ "mọ́" ni a óò fún ní máàkì. Ìlànà tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ ní ọdún náà kò sì ní àyè kankan tí a lè kọ ọ́ sí.